Kúrunmí, Ààrẹ Ìjàyè: Ọ̀gágun tó sọ ìlú di ńlá, tí ogun rẹ̀ sì tú u

Nínú gbogbo àwọn jagunjagun tí ilẹ̀ Yorùbá ní láàárín ọdún 1800 sí 1900, díẹ̀ ni orúkọ wọn ṣì ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ títí di òní bíi ti Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tó fi Ìjàyè ṣe ibùjókòó. Àwọn kan gbà pé akọni ni, ẹni tó dúró ti àṣà àwọn baba ńlá wa nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yí i padà. Àwọn mìíràn ní aninilára gbáà ni, pé agídí rẹ̀ ló pa ìlú kan tó tóbi tó sì lọ́rọ̀. Kò sí irọ́ nínú ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì. Ìdí nìyí tí ìtàn ọkùnrin yìí fi yẹ ní kíkà fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ìlú nígbà tí ẹni tí idà wà lọ́wọ́ rẹ̀ bá tún di ẹni tó ń ṣe òfin, tó ń dá ẹjọ́, tó sì ń fi ọba jẹ.

Láti mọ bí irú Kúrunmí ṣe dé ipò tó dé, ó di dandan kí á kọ́kọ́ padà sí ọ̀rọ̀ Ọ̀yọ́ Ilé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún náà, Àfọ̀njá, tó jẹ́ Kakaǹfò ní Ìlọrin, ló gbé ogun ti Aláàfin, ọ̀gá rẹ̀. Ó pe àwọn Fúlàní àti àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́sìn Mùsùlùmí mọ́ra kí wọ́n lè ràn án lọ́wọ́, àwọn tó pè náà ló sì pa á ní nǹkan bí ọdún 1824, tí wọ́n gba Ìlọrin mọ́ ọn lọ́wọ́. Láti ìgbà náà ni gbogbo apá àríwá ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Ìlú ńláńlá di ahoro, àwọn èèyàn sì ń kó ẹrù sórí, wọ́n ń sá wá sí ìhà gúúsù, níbi tí igbó ti pọ̀ tí ẹṣin àwọn ọ̀tá kò ti ní lè ṣe bó ṣe wù ú.

Irú àkókò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti ọmọ ọba, ti ẹni tó lè jà ni. Bí ènìyàn bá ní ìgboyà, tó lè kó ọmọ ogun jọ, tó sì lè dáàbò bo àwọn tó sá tẹ̀ lé e, kò sẹ́ni tó máa bi í léèrè pé ta ni baba rẹ̀. Ọ̀kan nínú irú àwọn ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ni Kúrunmí. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ogun ló lé òun náà kúrò nílé, ogun náà ló sì sọ ọ́ di ẹni ńlá.

Ìlú Ẹ̀gbá ni Ìjàyè tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ogun tú àwọn ìlú Ẹ̀gbá nínú igbó wọn, tí àwọn tó kù nínú wọn sì kó lọ sí abẹ́ Olúmọ ní 1830 láti tẹ Abẹ́òkúta dó, àwọn tí ogun lé wá láti Ọ̀yọ́ ló gba ibẹ̀. Bí Ìbàdàn náà ṣe di ibùdó ogun nìyẹn ní àkókò kan náà. Dàdó, tí òun pẹ̀lú jẹ́ jagunjagun, ni ìtàn sọ pé ó jẹ́ olórí níbẹ̀ kí Kúrunmí tó gba àṣẹ mọ́ ọn lọ́wọ́, tó sì lé e jáde. Kì í ṣe oyè ìdílé ni Kúrunmí jẹ ní Ìjàyè, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àwọn afọbajẹ ló yàn án. Agbára ló fi gbà á. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà.

Ní nǹkan bí ọdún 1835, Aláàfin Olúewu gbìyànjú láti gba ìlú rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ Ìlọrin. Ó pe àwọn ará Bàrìbá sí ìrànlọ́wọ́, ó sì kó àwọn olórí ogun Yorùbá jọ. Ogun náà, tí wọ́n ń pè ní ogun Ẹlẹ́dùwẹ̀, kò bọ́ sí i. Aláàfin kú sí i, ọ̀pọ̀ ìjòyè kú, Ọ̀yọ́ Ilé sì di ahoro pátápátá. Kúrunmí wà lára àwọn tó bọ́ níbẹ̀. Àwọn tó bọ́ yìí ló wá di agbára tó kù ní ilẹ̀ náà, àwọn ni Àtìbà sì ní láti bá dòwò pọ̀ kó tó lè di Aláàfin ní Àgọ́, ìlú tí à ń pè ní Ọ̀yọ́ lónìí.

Ọlọ́gbọ́n ni Àtìbà. Ó mọ̀ pé òun kò ní ọmọ ogun tó pọ̀ tó, ó sì mọ̀ pé àwọn ológun tó ní ọmọ ogun kò ní orúkọ àti ọlá tí ọba nìkan lè fúnni. Ó wá pín oyè. Ó fi Olúyọ̀lé ti Ìbàdàn jẹ Baṣọ̀run, ó sì fi Kúrunmí ti Ìjàyè jẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò. Wọ́n tún pín iṣẹ́ fún wọn. Ìbàdàn ni yóò máa ṣọ́ ìhà àríwá àti ìlà-oòrùn, tí yóò máa kojú Ìlọrin. Ìjàyè ni yóò máa ṣọ́ ìhà ìwọ̀-oòrùn, láti Òkè Ògùn dé ọ̀nà Ṣábẹ̀ẹ́. Ọba ń jọba ní Ọ̀yọ́, àwọn ológun méjì sì ń dáàbò bò ó. Ìṣètò yìí dára lójú, ó sì fún ilẹ̀ náà ní ìsinmi díẹ̀. Ṣùgbọ́n àléébù kan wà nínú rẹ̀ tí kò sẹ́ni tó lè sọ síta: bí àwọn tó ń ṣọ́ ilé bá lágbára ju onílé lọ, wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé àwọn ló nilé.

Oyè Kakaǹfò fúnra rẹ̀ kì í ṣe oyè eré. Gẹ́gẹ́ bí ìtàn Ọ̀yọ́ ṣe sọ, wọn a fá orí ẹni tó bá fẹ́ jẹ ẹ́, wọn a sín gbẹ́rẹ́ 201 sí ìpàkọ́ rẹ̀, gbẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú oògùn tirẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan ní ọdún mẹ́ta ni ó gbọ́dọ̀ lọ sógun tí ọba bá rán an, láàárín oṣù mẹ́ta ó sì gbọ́dọ̀ ṣẹ́gun wálé tàbí kí wọ́n gbé òkú rẹ̀ wá. Kakaǹfò kì í bá Aláàfin gbé ìlú kan náà. Àwọn àgbà tó ṣe òfin yìí mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Wọ́n fẹ́ kí jagunjagun tó le jù lọ wà lójú ogun, kó má wà láàfin.

Ìjàyè di ìlú ńlá lábẹ́ Kúrunmí. Oko wọn lọ jìnnà, ọ̀nà Òkè Ògùn sì wà lọ́wọ́ wọn, nítorí náà oúnjẹ kò wọ́n. Olè kò lè dúró níbẹ̀, torí pé Ààrẹ fúnra rẹ̀ ló ń dá ẹjọ́ níwájú ilé rẹ̀, ìdájọ́ rẹ̀ kì í sì í pẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í rọ̀. Àwọn tó rìn ìrìnàjò dé ibẹ̀ jẹ́rìí sí i pé ìlú náà tò, pé àlàáfíà sì wà nínú rẹ̀ ju ọ̀pọ̀ ìlú lọ. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ni àlàáfíà náà dúró lé. Kúrunmí ni ọba, òun ni balógun, òun ni adájọ́, òun náà sì ni olórí gbogbo àwọn abọ̀rìṣà ìlú. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ga tó èjìká òun. Ayọ̀, olórí Abẹmọ, tí òun náà jẹ́ ọ̀gá ogun ní àdúgbò yẹn, ni Kúrunmí bá Ìbàdàn dìmọ̀ pọ̀ láti pa run, tí wọ́n sì tú ìlú rẹ̀ ká.

Ibí yìí ni Ìjàyè àti Ìbàdàn ti yàtọ̀ síra. Ní Ìbàdàn, kò sí ìdílé tó ni oyè. Ẹni tó bá lè kó ọmọ ogun jọ lè gòkè, àwọn ìjòyè sì pọ̀ tó láti fọwọ́ mú ẹni tó bá fẹ́ ṣe àṣejù. Òótọ́ ni pé rògbòdìyàn wọn kì í tán, àmọ́ bí olórí kan bá kú lónìí, mẹ́wàá wà lẹ́yìn rẹ̀ tó lè gba ipò náà. Ní Ìjàyè, Ààrẹ nìkan ni. Olúyọ̀lé fẹ́ sọ ara rẹ̀ di irú Kúrunmí ní Ìbàdàn, kò rọrùn fún un. Òun àti Kúrunmí náà forí gbárí nínú ogun Bátẹ́dó ní 1844, tí ọmọ Ọ̀yọ́ ń pa ọmọ Ọ̀yọ́. Àtìbà ló wá bẹ̀bẹ̀ láàárín wọn. Olúyọ̀lé kú ní 1847. Kúrunmí ló wá di àgbà nínú gbogbo àwọn olórí ogun ayé ìgbà náà.

Kò kọ àlejò. Thomas Jefferson Bowen, òjíṣẹ́ Ọlọ́run ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, dé Ìjàyè ní 1852, ó sì padà wá ní 1853 láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Ọkùnrin yìí ló wá tẹ ìwé gírámà àti ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá jáde ní Amẹ́ríkà ní 1858. Ní 1853 kan náà ni Adolphus Mann, ará Jámánì tó ń ṣiṣẹ́ fún ìjọ CMS, dé pẹ̀lú. Kúrunmí fún wọn ní ilẹ̀, ó sì jẹ́ kí wọ́n wàásù, ṣùgbọ́n òun kò kúrò nídìí òrìṣà tó ń bọ. Ní tirẹ̀, ohun tí ènìyàn bá jogún lọ́wọ́ baba rẹ̀ kò ṣeé fi sílẹ̀.

Ìgbàgbọ́ yìí náà ló fa ìjà tó pa á. Láyé àtijọ́, bí Aláàfin bá wàjà, àrẹ̀mọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá a lọ. Àrẹ̀mọ ló ń bá baba rẹ̀ ṣe ìjọba, òun ló sì súnmọ́ ọn jù, wọ́n wá ṣe òfin yìí kí ọmọ má baà pa baba torí oyè. Àtìbà fẹ́ pa àṣà yìí rẹ́. Ó fẹ́ kí Adélù, àrẹ̀mọ rẹ̀, wà láàyè kó sì jọba lẹ́yìn òun, ó sì bẹ àwọn olórí ogun pé kí wọ́n fọwọ́ sí i. Ìbàdàn gbà. Kúrunmí kò gbà. Nígbà tí Àtìbà wàjà ní 1859, tí wọ́n sì fi Adélù jọba, Kúrunmí kọ̀, kò lọ kí ọba tuntun, kò sì mọ̀ ọ́n ní Aláàfin.

Ẹ jẹ́ kí á wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Bí a bá ní kí á tẹ̀ lé òfin, Kúrunmí lẹ́jọ́ láti rò. Àṣà ni àṣà, kò sì sí ìpàdé kan tí gbogbo ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ti péjọ láti yí i padà. Ẹ̀wẹ̀, ta ni ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àṣà? Ẹni tí kò tẹ̀ lé àṣà kankan kó tó gba Ìjàyè ni. Ẹni tó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n fi Àtìbà jẹ Aláàfin lẹ́yìn odi Ọ̀yọ́ Ilé, nítorí pé àwọn ológun fẹ́ bẹ́ẹ̀, ni. Àwọn ọ̀gágun Ìbàdàn tó gbà sí Adélù lẹ́nu náà kì í ṣe nítorí ìfẹ́ àtúnṣe nìkan. Wọ́n mọ̀ pé bí ọba tuntun bá gorí ìtẹ́ nípasẹ̀ àwọn, tí Ìjàyè sì kọ̀ ọ́, àwọn nìkan ni yóò kù fún ọba láti fẹ̀yìn tì. Àṣà wà lẹ́nu tọ̀tún-tòsì, ṣùgbọ́n agbára ló wà lọ́kàn wọn.

Owó àti ilẹ̀ pẹ̀lú kò gbẹ́yìn níbẹ̀. Àwọn ìlú Òkè Ògùn tí Ìjàyè ti ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú Ọ̀yọ́. Lẹ́yìn náà ni obìnrin ọlọ́rọ̀ kan tí ń jẹ́ Àbú kú ní Ìjànà láì ní àrólé. Òfin Ọ̀yọ́ ni pé ọba ló ni irú ogún bẹ́ẹ̀, Adélù sì rán àwọn ènìyàn lọ kó o. Àwọn ọmọ ogun Ìjàyè dá wọn lọ́nà, wọ́n sì kó àwọn kan nínú wọn nígbèkùn. Bí Kúrunmí bá jẹ́ kí Adélù kó ogún náà, a jẹ́ pé ó ti gbà pé ọba ni. Bí Adélù bá gbójú fò ó, a jẹ́ pé kì í ṣe ọba. Bó ṣe di pé ohun ìní obìnrin kan di ọ̀rọ̀ ogun nìyẹn.

Kì í ṣe gbogbo Ìbàdàn ló fẹ́ ogun yìí. Ìtàn jẹ́rìí sí i pé Balógun Ìbíkúnlé lọ́ tìkọ̀, torí pé ó mọ̀ pé ilé kan náà ni wọ́n. Ògúnmọ́lá, tó jẹ́ Ọ̀tún Balógun, ló tì í síwájú jù. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹrin ọdún 1860, ìbọn ti ń dún láàárín ìlú méjèèjì. Àwọn Ẹ̀gbá dá sí i, wọ́n wá gbèjà Ìjàyè, kì í ṣe torí pé wọ́n fẹ́ràn Kúrunmí, bí kò ṣe pé ìtànkálẹ̀ agbára Ìbàdàn ń bà wọ́n lẹ́rù. Àwọn Ìjẹ̀bú náà ti Ìjàyè lẹ́yìn. Wọ́n ti àwọn ọ̀nà etíkun mọ́ Ìbàdàn, débi pé David Hinderer àti ìyàwó rẹ̀ Anna, àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run tó wà ní Ìbàdàn, rí àìní tó le gan-an. Ọ̀rọ̀ náà tún wọ inú ìwé ìròyìn. Ìwé Ìròyìn tí Henry Townsend dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859, tó jẹ́ ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá, gbè sẹ́yìn Ẹ̀gbá nínú ogun náà, nígbà tí àwọn òjíṣẹ́ tó wà ní Ìbàdàn ń rò ti ìlú tí wọ́n ń gbé. Àwọn ẹni Ọlọ́run pàápàá pín sí méjì.

Ìbàdàn kò lè fi agbára wọ Ìjàyè, wọ́n bá fi ebi jà á. Wọ́n já ọ̀nà Òkè Ògùn, níbi tí oúnjẹ ti ń wá, mọ́ Ìjàyè lọ́wọ́, àwọn oko tó wà nítòsí sì di ojú ogun. Ebi dé. Àwọn tó kọ́kọ́ jìyà rẹ̀ ni àwọn tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ Àrẹ̀mọ, àwọn tí kò sì ní ogún kan ní Ìjànà: àwọn ọmọdé. Àwọn òbí tí kò rí ohun tí wọn yóò fi bọ́ ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n ṣe ìwọ̀fà fún àwọn Ẹ̀gbá tó wá bá wọn jà, kí wọ́n lè rí oúnjẹ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà ni kò padà sọ́dọ̀ ìyá wọn mọ́, ẹrú ni wọ́n dà. Àwọn tó wá ran ìlú lọ́wọ́ ń kó ọmọ ìlú lọ, kò sì sí ohun tí Ààrẹ tó ń bẹ́ orí olè tẹ́lẹ̀ lè ṣe sí i. Mann àti ìyàwó rẹ̀ àti àwọn Onítẹ̀bọmi ń tọ́jú àwọn tí ìbọn bà, wọ́n sì ń kó àwọn ọmọ òrukàn jọ. Richard Henry Stone, ọ̀kan nínú àwọn ará Amẹ́ríkà náà, tiẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ọmọ ogun Ìbàdàn kí wọ́n tó tú u sílẹ̀.

Kúrunmí ti dàgbà nígbà náà. Àwọn tó sọ ìtàn ogun náà ní ọmọ rẹ̀ márùn-ún ló kú nínú rẹ̀, àti pé èyí ló dá ọkàn rẹ̀. Ní 1861, bí ogun ṣe ń lọ lọ́wọ́, Ààrẹ papòdà. Ìbànújẹ́ ni wọ́n ní ó pa á. Abógunrìn ló gba ìdarí ogun, ṣùgbọ́n ìlú tí ẹnì kan ṣoṣo ti jẹ́ òpó rẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún kò lè dúró pẹ́ lẹ́yìn tí òpó náà wó. Kò sí ìgbìmọ̀ tó lágbára, kò sí ìjòyè tí gbogbo ìlú lè tẹ̀ lé, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé ó tó, ẹ jẹ́ kí á lọ bẹ̀bẹ̀. Ààrẹ ti rí i dájú tipẹ́ pé kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílùú.

Ní oṣù kẹta ọdún 1862, Ìjàyè tú. Lẹ́fútẹ́náǹtì Dolben, ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, wá láti Èkó, ó kó Mann àti ìyàwó rẹ̀ jáde. Edward Roper, òjíṣẹ́ CMS tó dúró sẹ́yìn, bọ́ sọ́wọ́ Ìbàdàn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni wọ́n kó lẹ́rú, àwọn tó lè sá sì sá lọ sí Abẹ́òkúta. Wọ́n wó odi ìlú, igbó sì hù sórí ibi tí ọjà ńlá wà. Ó pẹ́ kí àwọn ọmọ Ìjàyè tó padà wá tún ibẹ̀ gbé. Ìjàyè Òrílé tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lónìí ni, kò sì tún tóbi tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Kí ni wọ́n rí gbà nínú rẹ̀? Adélù di Aláàfin tí gbogbo wọn mọ̀, nígbà tí òun náà sì wàjà, Adéyẹmí àbúrò rẹ̀ ló jọba lẹ́yìn rẹ̀. Àṣà tí Kúrunmí torí rẹ̀ jà kú pẹ̀lú rẹ̀. Ìbàdàn di ìlú tó lágbára jù, agbára náà sì mú kí gbogbo àwọn aládùúgbò rẹ̀ kẹ̀yìn sí i. Ogun Ìjàyè ṣí lọ sí Rẹ́mọ títí di 1865, nígbà tó sì di 1877 ni ogun mìíràn tún bẹ̀rẹ̀, èyí tó di ti Èkìtì Parapọ̀, tí kò parí títí di 1893. Nínú oṣù kẹjọ ọdún 1861, lọ́dún tí Kúrunmí kú gan-an, ni Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó. Ní 1893 ni aṣojú Gẹ̀ẹ́sì jókòó sí Ìbàdàn. Àwọn tí wọ́n ń bá ara wọn jà lórí ẹni tí yóò jọba kò mọ̀ pé ẹlòmíràn ti ń bọ̀ wá gba ìjọba náà lọ́wọ́ gbogbo wọn.

Ó yẹ kí á rántí pé púpọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ nípa Kúrunmí ló wá láti inú ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. Ìbàdàn ni Johnson ti dàgbà, ibẹ̀ náà ló sì wà ní ọmọdé nígbà ogun yìí. Ẹni tó bá gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan dá àgbà òṣìkà ni, nítorí náà ó dára kí á gbọ́ ti àwọn ará Ìjàyè náà, àwọn tí wọ́n ṣì ń dárúkọ Ààrẹ wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ní 1969, nígbà tí ogun abẹ́lé Nàìjíríà ń lọ lọ́wọ́, tí àwọn ológun sì ń ṣe ìjọba, ni Ọlá Rótìmí gbé eré Kúrunmí jáde ní Ifẹ̀. Kò ṣòro fún àwọn òǹwòran láti mọ ìdí. Ọdún mẹ́ta ṣáájú ni wọ́n ti pa Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, tí òun náà jẹ́ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, nínú ìdìtẹ̀gbàjọba oṣù kìíní ọdún 1966. Láti ìgbà náà títí di 1999, yàtọ̀ sí ọdún díẹ̀, àwọn tó yẹ kó máa ṣọ́ ẹnu ibodè ni wọ́n jókòó sílé ìjọba. Àwọn baba wa tó ní kí Kakaǹfò má ṣe bá ọba gbé ìlú kan náà ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ààrẹ Kúrunmí kò bá ọba gbé ìlú kan náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti sọ ara rẹ̀ di ọba sí ìlú tirẹ̀, ìlú náà ló sì san gbèsè rẹ̀.